Àwọn Tó Bu Iná Lára Ọkọ̀ Olúdáre

Lánàá, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹjọ́ kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ààfin ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́. Ààfin tí à ń wí yìí, pálọ̀ Olóyè Dúrótoyè ni, olórí àdúgbò. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ di ààfin. Olóyè a máa ní kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ sókè.

Olúdáre ló pe ẹjọ́. Ta ni kò mọ Olúdáre? Òun ni ẹ́ńjíníà tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná sílẹ̀, ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí kì í tú èéfín, tó kàn ń yá oòrùn bí alángbá. Ariwo ni iléeṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi parí. Àwọn olówó tó ṣèlérí kò gbé ẹsẹ̀ padà wá mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pátákó orúkọ iléeṣẹ́ sì di òrùlé ilé adìyẹ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló parí nínú gbogbo rẹ̀. Olúdáre gbé e sí àgbàlá ilé tó ń gbé, ó to àwọn sólà tó kù sórí òrùlé láti kún èyí tó wà lára ọkọ̀ lọ́wọ́ láti máa ṣájì rẹ̀, ó sì ń nù ún ní àràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ọkọ̀ náà ló kù tó lè fi fẹ́ ìyàwó. Monílọ́lá, ọmọ Oǹdó, ló ń fẹ́. Bàbá Monílọ́lá, Ọ̀gá Jethro Adéyẹmí, ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà wọn. Bàbá yìí ti sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Iléeṣẹ́ rẹ kú, mo gbọ́. Àwọn kan ní òpùrọ́ ni ọ́, mo tún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yẹn bá gbé ọ láti Àkúrẹ́ dé iwájú ilé mi ní Oǹdó láìmu ẹ̀kán epo kan, màá mọ̀ pé òótọ́ lo fi ń fẹ́ ọmọ mi."

Sátidé tó kọjá ni wọ́n dá. Wọ́n se oúnjẹ dè é ní Oǹdó. Ọkọ̀ gbéra ní Àkúrẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó dé òkè Ìpògún, ó kú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kókò ló fi okùn fà á padà sílé, èéfín sì ń tú jáde nídìí akẹ́rù náà sí Olúdáre lójú ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tó tẹ Ọ̀gá Jethro láago, ohun tí bàbá náà sọ kò ju pé, "Mo ti rí i. Má wá mọ́."

Nígbà tí Olúdáre délé tó wo ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí dáadáa, wáyà ló bá nílẹ̀ níbẹ̀. Ó tẹ̀lé wáyà náà, ó gba abẹ́ fèrèsé kọjá, ó sì já sí ẹnu fíríìsà Ìyá Ìbídùnní, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta omi tútù àti ẹja yìnyín. Bí ẹjọ́ ṣe dé ààfin nìyẹn.

Ooru ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí tàràǹsífọ́mà àdúgbò ti jó, abẹ̀bẹ̀ ni gbogbo Ìsìkàn ń fi ọwọ́ jù. Olóyè jókòó, Bàbá Ọ̀tún tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé fìlà lé orúnkún. Monílọ́lá ti bẹ bàbá rẹ̀ títí bàbá fi gbà láti wá gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́. Ọ̀gá Jethro jókòó lórí àga kan níwájú, Monílọ́lá tì í, ẹ̀yìn bàbá náà nàró bí ẹni tó wá bẹ ilé-ìwé wò.

Kí wọ́n tó gbàdúrà tán, Ìyá Ìbídùnní wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí. Omi inú ike ló kó wá, ó tutù débi pé ara ike ń làágùn. Ó kúnlẹ̀ fún Olóyè, ó fún un ní ọ̀kan. Ó fún Bàbá Ọ̀tún. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jethro, ó fún un ní ọ̀kan, ó rí i pé bàbá náà gbé e mì láìmí, ó tún fún un ní òmíràn. Olúdáre ń wò. Ẹni tí òun pè lẹ́jọ́ ló ń fún adájọ́ lómi mu.

"Olúdáre, sọ tẹnu rẹ," ni Olóyè wí.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyá Ìbídùnní fa iná ọkọ̀ mi láìsọ fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kó kú sí òkè Ìpògún. N kò bèèrè owó. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dìde níwájú bàbá ìyàwó mi…"

"Ìyàwó ta ni?" ni Ọ̀gá Jethro bèèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Níwájú bàbá Monílọ́lá. Kí wọ́n sọ pé ọkọ̀ mi kì í ṣe irọ́, àwọn ni wọ́n gbọ́n ọn gbẹ."

Olóyè yíjú. "Ìyá Ìbídùnní, ṣé lóòótọ́ lo ki wáyà bọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

"Lóòótọ́ ni, Kábíyèsí."

"Má pè mí ní Kábíyèsí."

"Lóòótọ́ ni, Olóyè. Ṣùgbọ́n n kò jalè o. Uná ni mo bù."

"Iná," ni Ọ̀gá Jethro tún un ṣe.

"Uná ni, sà," ni Ìyá Ìbídùnní dáhùn. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé ni. "Níbo ni wọ́n ti ń gba àṣẹ kí wọ́n tó bu uná? Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí uná ulé wa bá kú láàárọ̀, àpáàdì ni màá mú, ó di ẹ̀yìnkùlé ìyá Bàbá Ọ̀tún tó jókòó yìí. Màá kí wọn, màá bu ẹyín, màá máa lọ. Bàbá Ọ̀tún, ṣé uná yín dín? Ṣé ẹ fi ebi sùn rí nítorí pé mo bu uná?"

Bàbá Ọ̀tún ronú. "A kò fi ebi sùn rí."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá fi uná du aládùúgbò rẹ̀, ìkà ni. Àpáàdì ni wáyà mi, Olóyè. Gígùn ló kàn gùn."

Pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà mi orí, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Olúdáre rí i pé orí tí wọ́n ń mì yẹn kò dára fún òun, ó fò dìde.

"Màmá, iná bátìrì kì í ṣe ti ààrò! Bí ẹ bá ti ń fà á, ó ń tán ni!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà ṣáà lo sọ fún wa pé kì í tán! Ọjọ́ tí o fi ọkọ̀ han gbogbo ayé, tí o wọ kóòtù, tí o gbé bílẹ́ńdà sẹ́yìn rẹ̀, tí o ki wáyà bọ̀ ọ́, tí o lọ ata lójú gbogbo èèyàn. Èmi ni mo fún ọ ní ata. Kí lo sọ sínú máìkì?"

Olúdáre tẹ orí ba.

"Dá màmá lóhùn," ni Ọ̀gá Jethro wí. "Dìde dáadáa, kí o sì gbé orí sókè."

Olúdáre rántí ọjọ́ náà dáadáa. Àwọn olówó tó jókòó níwájú ló ń wò nígbà náà, ojú wọn ti ń kúrò lára ọkọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n dá a padà. "Mo ní… mo ní agbára tó wà nínú ọkọ̀ yìí, títí ayé, kì í tán."

"Háà!" ni gbogbo pálọ̀ wí.

"Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni, Bàbá! Gbogbo ọlọ́jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ní kíláàsì tèmi," ni Ọ̀gá Jethro wí, "irọ́ là ń pè é."

Ọkàn Olúdáre rẹ̀ ẹ́. Ó wo Monílọ́lá, Monílọ́lá sì fi ojú sọ fún un pé kó jókòó kó má ba ọ̀rọ̀ jẹ́ síwájú sí i. Ó jókòó. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ onífíríìsà.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Stephen onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí àgbàlá náà, ló kọ́kọ́ jáde. Ó ti ń búra kí ẹnikẹ́ni tó ní kó búra.

"Olóyè, kí Ọlọ́run gbọ́ mi, n kò mọ ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lára ọkọ̀ yẹn."

"O kò mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n rárá. Abẹ́ bọ́ńpà lẹ́yìn, lápá ọ̀tún, tí wọ́n fi rọ́bà dúdú bò, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ìka méjì gbé sókè. N kò dé ibẹ̀ rí."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀. Olóyè nu ojú. "Ta ló tún wà?"

Kíkẹ́lọmọ aránṣọ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. "Olóyè, èmi ò ní parọ́. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ níbẹ̀. Aṣọ kan péré."

"Aṣọ kan!" Stephen gbàgbé pé òun ò mọ nǹkan kan. "Aṣọ kọ́áyà ìjọ yín lódindi ni! Títí kan ti ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tí tirẹ̀ nìkan tó àtíbàbà!"

"Kọ́áyà kan náà ni wọ́n. Mo kà á sí ọ̀kan. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí kílípà rẹ ń ké láti àárọ̀ Jímọ̀ tó ṣíwájú Sátidé yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, níbo ni iná rẹ̀ ti wá? Orí ta lo fá kẹ́yìn?"

Ojú Stephen yọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀tún. Ojú gbogbo èèyàn tẹ̀lé e. Orí Bàbá Ọ̀tún ń dán kooro. Bàbá Ọ̀tún rọra mú fìlà lórí orúnkún, ó sì dé e.

"Mi ò mọ ibi tí iná ti wá," ló wí. "Orí ni mo gbé lọ."

Olóyè Dúrótoyè kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mu omi díẹ̀, ó gbé ike sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, ó sì kọjú sí Ìyá Ìbídùnní. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá Ìbídùnní, èmi náà bu iná rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àpáàdì, inú mi sì dùn sí i. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí ìwọ ọmọge bá dé ìdí ààrò ìyá Ọ̀tún, tí o bu ẹyín tán, ṣé o kàn ń gbéra ni?"

"Rárá o, Olóyè. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé!"

"Kí lo máa ń ṣe?"

"Màá ti ugi wọn síwájú, kí uná má baà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màá fẹ́ ẹ títí yóò fi jó. Ẹni tó bá bu uná tí kò ti ugi, wọn kì í jẹ́ kó bù ú mọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń lọ́ra, nítorí ó ti rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ.

"Igi wo lo tì sí iná Olúdáre?"

Ìyá Ìbídùnní wo ilẹ̀.

"Stephen, igi wo lo tì? Kíkẹ́lọmọ?"

Olúdáre gbé orí sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé, ó mí kanlẹ̀.

Olóyè dìde, gbogbo èèyàn sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. "Ìdájọ́ nìyí. Olúdáre, ìwọ lo jẹ̀bi àkọ́kọ́. O sọ fún àdúgbò pé ohun tó ń tán kì í tán, wọ́n sì gbà ọ́ gbọ́ ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Nítorí náà, sólà kan nínú èyí tó wà lórí òrùlé rẹ, ti àdúgbò ni láti òní lọ. Òun ni ààrò gbogbo wa. Ìyá Ìbídùnní ni yóò máa gun àkàbà láràárọ̀ láti nu eruku ojú rẹ̀."

"Mo gbà, Bàbá," ni Olúdáre wí.

"Ó ku àwọn tó bu iná. Ẹni tó bu iná tí kò ti igi, òun fúnra rẹ̀ ni igi. Ẹni tí iná ọkọ̀ yìí bá ti ṣe láǹfààní, yóò fi èjìká tì í. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ óò ti ọkọ̀ náà láti Ìsìkàn níbí títí dé iwájú ilé Ọ̀gá Jethro ní Oǹdó. Ọ̀gá ní kó má mu ẹ̀kán epo kan. Kò ní mu epo. Òógùn yín ni yóò mu."

Igbe ta. Kíkẹ́lọmọ káwọ́ lérí. Stephen ní ẹsẹ̀ kan ti ń dun òun tipẹ́. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òkè Ìpògún.

Ọ̀gá Jethro nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó pàtẹ́wọ́. "Ìdájọ́ tó mọ́gbọ́n dání! Èmi yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, màá sì máa wò yín bí ẹ ṣe ń bọ̀."

"Olóyè, ẹ ṣíjú àánú wò mí!" ni Ìyá Ìbídùnní ké. "Kí ẹ jẹ́ kí n tì í dé ìdajì ọ̀nà. Mo ti jáwọ́ láti Sátidé! N kò tún ki nǹkan kan bọ ọkọ̀ yẹn mọ́!"

Nígbà náà ni Monílọ́lá dìde. Láti àárọ̀, kò tíì sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Olóyè, ó sì kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, omi tí ẹ mu yẹn, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára. Ó tutù nini. Mi ò rí irú rẹ̀ mu láti ọjọ́ mélòó kan."

"Iná ò sí ní àdúgbò yìí, Dádì. Níbo ni òtútù rẹ̀ ti wá?"

Olóyè wo ike tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Ọ̀tún ti tiẹ̀ bọ abẹ́ àga. Ìyá Ìbídùnní fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Olóyè, ẹ dárí jì mí. Láàárọ̀ yìí ni mo tún bù ú. Ẹjọ́ ni mò ń bọ̀ wá jẹ́, n kò lè wá lọ́wọ́ òfo!"

Olóyè jókòó padà. "Ẹnu mi ló ti jáde, n kò lè gbé e mì. Èmi náà mu. Èmi náà di igi."

"Èmi ò bu iná!" Ọ̀gá Jethro ti dìde dúró. "Omi ni mo mu! Omi lásán!"

"Ike méjì, sà," ni Ìyá Ìbídùnní wí láti orí ìkúnlẹ̀.

"Ọ̀gá Jethro," ni Olóyè wí, "àgbà ni wá. Èmi àti ìwọ la ó dúró sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ọ̀gá Jethro ronú. Ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ yóò rí i pé ó ń rí ara rẹ̀: òun, àgbà ìjọ, pẹ̀lú òógùn lọ́rùn, tó ń ti ọkọ̀ ẹni tó ń fẹ́ ọmọ òun gba ojú pópó Oǹdó kọjá, tí àwọn tó ti kọ́ ní ìwé sì jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, sà.

"Olóyè," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀, "ṣé kò sí ẹ̀bẹ̀?"

"Ọ̀nà kan ló kù. Kí gbogbo wáyà kúrò lára ọkọ̀ náà báyìí. Kí oòrùn bọ́ ọ títí di Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ náà, kí Olúdáre wà á, àwa yòókù á tẹ̀lé e nínú bọ́ọ̀sì. Bó bá dá gbé ara rẹ̀ dé Oǹdó, èjìká wa yè. Bó bá kú, ibi tó bá kú sí la ó ti bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ilé. O ti sọ fún ọmọkùnrin yìí pé kó má wá mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ọ̀gá Jethro dáhùn kíákíá. "Mo ní kó má wá mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kó wá ní Sátidé! Kó tètè wá! A ó tún oúnjẹ sè."

Olúdáre dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì Olóyè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dìde. Monílọ́lá ti jáde lọ sí àgbàlá Olúdáre lódìkejì ọ̀nà, ó gbé rọ́bà dúdú náà sókè, ó yọ àpáàdì gígùn Ìyá Ìbídùnní, ó ń ká a mọ́ apá bọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹjọ́ tú ká, òùngbẹ tún gbẹ gbogbo wọn. Ìyá Ìbídùnní tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀gá Jethro gba tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó wo bàtà aláwọ tó wọ̀, ó wo òde níbi tí ọkọ̀ kékeré náà dúró sí lẹ́bàá igi, ó sì gbé omi gbígbóná náà mu tán láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣẹ́kù.

"Àna mi," ló pe Olúdáre, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn, "gbé ọkọ̀ yẹn síwájú díẹ̀. Òjìji igi yẹn ń bò ó."